Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Àròkọ

Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n mi Wàhábì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ bá Ìyá lára mu. Wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ wo ẹ̀gẹ́ lóko.

Àròkọ mi lórí ọ̀rọ̀ tó ń dọ́gbẹ́ síni lọ́kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mi ò rí ìwé ìwádìí kankan nípa orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń fún àwọn àbúrò ọkọ. Olùkọ́ mi ní, "Bí ìwé ò bá sí, mú àpẹẹrẹ wá láti ilé yín." Akólòlò tí wọ́n ń pè yín ni mo kọ, àmọ́ ọkàn mi ò gbà kí n fi ránṣẹ́.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ti bá mi rí ìwé méjì. Mo ti pa tiyín rẹ́.

Kí n tó pa á rẹ́, mo ti ka àròkọ náà fún Ìyá Sodiqat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa tó sọ yín lórúkọ yẹn. Wọ́n ní, "Àbí ìyẹn ni ò jẹ́ kí ọkọ mi máa wálé? Eré mà ni mo pè é!"

Wọ́n ní kí ẹ fúnra yín yan orúkọ tí àwọn yóò máa pè yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ríra láyọ̀ nígbà Iléyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè yan orúkọ náà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí.

Àbúrò yín,
Ramlah