Ìyá Mi, Ìpàdé Ọjọ́ Ajé Ni Kò Jẹ́ Kí N Wá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Agbowó níbí tí mo fi ń kí yín. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún tí wọ́n ṣe fún yín, Ọlọ́run á wò ó sàn. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Tàjù àti ìyàwó wọn, mo sì kí àbúrò mi Sàkírá tó dúró tì yín ní ọsibítù ní Ṣakí, lọ́jọ́ tó yẹ kí èmi wà níbẹ̀. Sàkírá ní nígbà tí wọ́n tú aṣọ ojú yín, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ ní Mùtíátù dà.

Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé ń sọ pé Ìbàdàn ti mú mi gbàgbé ìyá mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé iléeṣẹ́ tó ń ta páànù ní Onírèké. Ọ̀gá wa obìnrin kì í ṣe èèyàn burúkú, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ méjì gba ìsinmi lọ́sẹ̀ kan náà nígbà kan, kò sì sẹ́ni tó máa gbé páànù fún oníbàárà. Látìgbà náà ni wọ́n ti pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ ìsinmi gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ ní ìpàdé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí gbogbo wa gbọ́. Èmi sì ni mo ń kọ ètò ìpàdé náà, èyí tí a máa kọ́kọ́ sọ àti èyí tó máa tẹ̀lé e.

Nígbà tí dókítà mú ọjọ́ fún yín, Ọjọ́ Ajé mẹ́ta ló kù. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ètò, mo sì fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó ń bu oúnjẹ kì í kọ́kọ́ bu tiẹ̀. N ò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ń kú sí.

Aago mẹ́jọ ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀. Nínú òjò ni mo ń wọ ọkọ̀ míkírà lọ sí Dùgbẹ̀ kí n tó fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì, bàtà mi á rin gbindin, síbẹ̀ èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé. A máa ń ṣe àdúrà onígbàgbọ́, a ṣe ti mùsùlùmí. Ìyẹn ò burú. Lẹ́yìn náà lọ̀gá á ní kí kálukú sọ bí òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Tó bá wá kan Bàbá Adéòjó, olórí awakọ̀, wọn ò lè sọ̀rọ̀ táyà kan ṣoṣo kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí iléeṣẹ́ wà nínú yàrá kan ní Òkè Àdó. Ta ló máa dá àgbà lẹ́kun? Bí Ọjọ́ Ajé kìíní ṣe tán nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé kejì, odindi wákàtí kan la fi jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó máa fọ ife tíì. Ife tíì, ìyá mi! Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Mo wẹwọ́ títí, àwọn àgbà jẹun tán kó tó kàn mí.

Mo tọ ọ̀gá lọ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n gbàdúrà fún ojú yín, wọ́n wá ní àwọn ò lè fọwọ́ ara àwọn rú òfin tí àwọn ṣe. Lọ́jọ́ Ajé kẹta, ó ku ọ̀rọ̀ kan kó kàn mí, oníbàárà dé, ìpàdé tú. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ojú yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí a jọ ń gbé ń pariwo káàkiri ilé, n ò sì rí ẹnì kan sọ ọ́ fún.

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo kọ ètò mìíràn. Mo kọ iye ìṣẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó máa sọ ọ́. Èyí tí ọjọ́ ń lé ni mo fi síwájú, tèmi, ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣe ojú òsì yín, ló sì ṣáájú gbogbo wọn. Bàbá Adéòjó ní ọmọ ìsinsìnyí ti ń ṣáájú àgbà bu ọbẹ̀. Ojú tì mí, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá béèrè bóyá ẹlòmíì fẹ́ ìsinmi lọ́sẹ̀ náà, kò sí, wọ́n bá fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Mo wo aago. Inú ò tíì bí mi báyìí rí, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí jù.

Mò ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣe ojú òsì. Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú méjèèjì ríran kedere, ẹ ó fi rí ire ọmọ, ẹ ò ní fi rí ibi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ó ku ẹyọ kan. Sàkírá sọ fún mi pé lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹ ń fi ààyè yín sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà ti wọlé, títí ẹ fi di ẹni ìkẹyìn. Ìyá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiyín.

Èmi ni Mùtíátù, ọmọ yín.