Tíṣà Adétúnbọ̀, Ẹni Tó Fi Ìbọn Ọdẹ Wọn Eré Ìró

Bàbá wa, ọdún márùn-ún pé lónìí tí ẹ ti fi ilé ayé sílẹ̀ ní Mákùn. Ọdún márùn-ún, orúkọ yín kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn tí ẹ kọ́.

Àwọn kan ń rántí pàṣán yín. Ní tèmi Táyé, ọmọ yín, ọjọ́ kan lọ́dún 1979 ni mo ń rántí. Kíláàsì kan náà lèmi àti Hàbíbátù wà nígbà tí bàbá rẹ̀, Alhaji Àlíyù oníṣòwò obì, wá mú un kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ó ní ìwé tó kà ti tó, kó wá jókòó ti obì. Ẹ kò bá a jiyàn. Ẹ ní, "Alhaji, ẹ fún mi ní àárọ̀ ọ̀la nìkan. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín mọ̀."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ fi okùn wọn ọ̀nà gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́: ẹgbẹ̀rún mítà ó lé ogójì. Lásúnkànmí ọdẹ dúró ní ìpẹ̀kun kan pẹ̀lú ṣakabùlà tó ki ẹ̀tù sí, láìfi ọta sí i. Àwa àti Alhaji dúró tì yín ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ ṣàlàyé pé bí ìbọn bá dún, èéfín la ó kọ́kọ́ rí. Ìró á ṣì máa rìn bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá rí èéfín, a ó tẹ aago tí ẹ mú lọ́wọ́ kó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbọ́ ìró, a ó tẹ̀ ẹ́ kó dúró.

Ìbọn dún. Ẹ tẹ aago. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Hàbíbátù ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà ó lé ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó wà nínú ìwé kò tó ọ̀ọ́dúnrún àti àádọ́ta.

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ọmọ mi ni kò mọ ìṣirò, àbí ìwé yín ló ń purọ́?"

Bàbá, ẹ lè di ẹ̀bi náà ru ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ ti ń fi bí ojú yín ṣe ń ṣe bàìbàì pamọ́, kí wọ́n má baà dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ yọ awò ojú yín, ẹ ní, "Ìṣirò ọmọ yìí pé. Ojú mi ni kò dáa mọ́. Mi ò tètè rí èéfín, aago pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀."

Ẹ gbé aago lé Hàbíbátù lọ́wọ́.

Bí Lásúnkànmí ṣe ń ki ẹ̀tù mìíràn, ẹ sọ fún Alhaji nípa àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tó gun òkè ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó ń fi aago wọn ìró ìbọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ẹ sọ ti Niutini, ọ̀mọ̀ràn ńlá, tó fi ìṣirò wá eré ìró, àmọ́ tí iye rẹ̀ kéré sí ohun tí etí ń gbọ́. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kí Láplásì ará Faransé tó rí ohun tó kù: bí ìró bá ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ náà á gbóná lọ́gán, ooru yẹn ló sì ń mú eré rẹ̀ le sí i.

Ẹ ní, "Ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣì í, ayé ò bàjẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbọn tún dún, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni aago sún mọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìṣirò Hàbíbátù bá ti ìwé mu. Alhaji tẹjú mọ́ bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ṣírò, èyí tí òun kò lè kà. Ó wá ní, "Tíṣà tó lè jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé, mo lè fi ọmọ mi sílẹ̀ fún un."

Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n dá yín dúró lóòótọ́. A ò gbọ́ àbámọ̀ kan lẹ́nu yín. Nígbà tí ojú náà fọ́ pátápátá, Hàbíbátù ń wá lọ́jọọjọ́ Sátidé láti kàwé fún yín, títí ẹ fi lọ.

Bàbá, Hàbíbátù ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀. Inú kíláàsì yín gan-an ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. A ti parí ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Alhaji ló kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Èmi náà ti di bàbá ọmọ méjì.

A ṣì ń ṣàárò yín. A ṣì fẹ́ràn yín. Nígbà tí bíríkìlà fẹ́ kọ orúkọ yín sára ògiri iwájú ilé, ó bi Màmá bóyá kóun fi "olóògbé" síwájú rẹ̀. Màmá ní rárá, kó kọ "Tíṣà" síbẹ̀.