Nítorí Edé Tí Jàmílàt Kọ́kọ́ Bù

Luqman, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí onílé rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń fara da òtútù ní Kánádà. Àlàáfíà la wà ní Soje. Orúnkún Bàámi ti ń gbọ́ oògùn, àmọ́ Hausa tó kọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Sàká ọmọ mi ṣì fi ń kí Màámi.

A ti mú Jàmílàt, àfẹ́sọ́nà rẹ, lọ sílé oúnjẹ àwọn Ṣáínà bí o ṣe ní ká ṣe. Ìrẹsì wọn tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Ṣúgà ni wọ́n dà sọ́bẹ̀, Luqman, ṣúgà!

Àárín tábìlì ni wọ́n gbé oúnjẹ sí fún gbogbo wa. Jàmílàt kọ́kọ́ bu edé sínú àwo tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, Màámi sì jókòó ń wò ó. Mo ní, "Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mo rò pé kálukú ló ń bu tiẹ̀ níbí." Wallahi, ó tún ń rò!

Bilqees, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún wa, ló kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ṣíbí fún Màámi. Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀ fún ọ.

Jọ̀ọ́, fi oògùn ojú Màámi ránṣẹ́. Ọlọ́hun ò ní fi aya burúkú ta ọ́ lọ́rẹ.

Má da ara rẹ láàmú lórí Jàmílàt. Níwájú gbogbo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé o ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo ní ìwọ lo rán mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sàlámátù