Eérú Orí Kùkùté Àgbọn

Ilé Àwọn Ìyá Wa,
Koto Baranjak,
Ẹsẹ̀ Òkè Marapi, Sumatra.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1986.

Uni Jus, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Pekanbaru lọ́hùn-ún? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láyè láti gun àtẹ̀gùn? Ara àwa náà le níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ò jẹ́ ká rí ìrẹsì sá. Eyín iwájú Eli méjèèjì ti ká, ó wá ń fi àlàfo rẹ̀ súfèé kiri ilé. Ìyá wa ní kí n sọ fún yín pé ikọ́ àwọn ti lọ.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Òwe tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ débi pé mo rò pé ẹ̀yin àti Mamak ẹ̀gbọ́n ìyá wa lẹ jọ jókòó kọ ọ́. Ẹ ní ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Ẹ ní omi kì í ṣàn lọ sókè. Ẹ ní kí n jẹ́ kí ọkọ mi máa lọ, pé èèyàn á rí ọkọ míì fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni. Uni, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò ní ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, torí ẹnu Mamak nìkan lẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹ rántí igi àgbọn ẹ̀yìn ilé, èyí tó tẹ̀ sórí òrùlé yàrá táwọn ọmọ ń sùn. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bẹ Mamak pé kí wọ́n jẹ́ ká gé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, òwe ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ìjì wá jà lóṣù tó kọjá, àgbọn kan já, ó la òrùlé, ó sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Eli lórí ẹní. Bàbá Eli ò pa òwe kankan. Ó mú àáké. Kó tó di ọ̀sán, igi ti wà nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó jẹ̀bi. Àwa obìnrin la ni ilẹ̀ yìí, Mamak ló ń bójú tó o, ọkọ tó wá ń gbé nílé ìyàwó ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka níbẹ̀ láìtọrọ. Èmi ni mo ní kó lọ tọrọ àforíjì. Ó gbé ewé sirih tí a fi ń bẹ àgbà dání bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Mamak ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí gbogbo ẹbí pàdé lọ́jọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ náà, àtọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òwe. Bàbá Eli jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba. Nígbà tó yá ni wọ́n wá débi tí wọ́n ń lọ.

"Ọkọ ilé ìyàwó, eérú orí kùkùté ni. Atẹ́gùn díẹ̀, ó ti lọ."

Wọ́n ní kó tó di Jímọ̀, kí ẹrù ẹ̀ ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá Eli ti ń dìde láti lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Inú bí mi gan-an.

Mo gbé igbá kawa tí a fi ewé kọfí sè lé Mamak lọ́wọ́, mo sì tọrọ àyè. Mo ní, "Mamak, tẹ́ ẹ bá kúrò níbí, ilé ta lẹ máa sùn lálẹ́ yìí?"

Wọ́n ní ilé Mintuo Rabiah ni, àbí mi ò mọ ilé ìyàwó wọn mọ́ ni.

"Ta ló ni kùkùté tibẹ̀? Ṣé atẹ́gùn kì í fẹ́ níbẹ̀ ni?"

Atẹ́gùn fẹ́, Uni, a sì rí fùrọ̀ adìẹ. Kò sí ọkùnrin kan nínú yàrá yẹn tí kì í ṣe eérú nílé ẹlòmíì. Àbúrò Mamak fi igbá bojú, ó ń rẹ́rìn-ín sínú kawa. Mo wá rán wọn létí òwe tí wọ́n fúnra wọn pa fún mi nígbà ìgbéyàwó mi, pé igi ìdáná tí ò bá dábùú ara wọn, iná ò ní jó. Mo ní tí wọ́n bá gbé ẹrù ọkọ mi sórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n bá mi gbé tèmi tì í. Ẹ̀yin ti wà lájò. Bí mo bá lọ, ta ló kù tó máa dáná nílé yìí? Ìyá wa sún mọ́ mi lórí ẹní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó eérú ìdáná, mo dà á sórí kùkùté àgbọn yẹn, mo bu omi sí i, mo sì fi òkúta lù ú kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Atẹ́gùn ti fẹ́ títí, ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, Mamak dé láti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n wo àtẹ̀gùn, wọn ò rí ẹrù kankan. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n wo òrùlé tó là, wọ́n wo ibi tí orí Eli máa ń wà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ó wá rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó sórí kùkùté. Nígbà tí wọ́n máa dìde, ìdí ṣòkòtò funfun wọn ti di eérú. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, kò lọ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo dúró de òwe. Wọ́n la ẹnu, wọ́n pa á dé, wọ́n wá yíjú sí bàbá Eli.

"Bustamam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ èyí kíá. Mintuo yín ò gbọdọ̀ rí i."

Aṣọ bàbá Eli ni wọ́n ró mọ́dìí, tí àwọn méjèèjì jọ ń mu kawa títí ṣòkòtò fi gbẹ.

Nítorí náà, Uni, ẹ má fi òwe ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ìṣó ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, òrùlé ṣì ń jò, ọkọ mi ló sì máa kàn án. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ kí àwọn ọmọ.

Èmi ni tiyín, àbúrò yín olórí kunkun,
Nurhaida.