Ilé Oúnjẹ Tí N Kò Mọ̀ Nínú Ìwé Àkáǹtì Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Kò bójú mu. Àgbàlagbà kì í bu oúnjẹ kí ó dé ẹnu, kí ó tún padà sórí tábìlì. Àbúrò mi obìnrin wá kí wa lánàá, ojú rẹ̀ ni Rúlà ṣe da ọbẹ̀ sára aṣọ tábìlì funfun — lẹ́ẹ̀kan sí i! — tí ó sì yára fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì bí ọmọdé tó jí ẹran nínú ìkòkò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun bí ẹni tí a kọ́." Ó ní, "Mo ti gbọ́, Tíṣà." Kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà mọ́.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ọkọ mi ní Rúlà. Ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń fa ìlà gbọọrọ láìlo rúlà.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Aṣọ tábìlì ṣì wà nínú omi ọṣẹ. Àbàwọ́n náà kò lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Ìwé àkáǹtì àjọní wa dé láti báǹkì. "Òdòdó Mẹ́ta, Oúnjẹ." Ọ̀sẹ̀ kan kò lọ kí orúkọ náà má yọjú, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń yọ owó náà. N kò mọ ibẹ̀. N kì í jẹun níta. Ọmọlúàbí kì í la ẹnu gbàgà lójú àjèjì. Bóyá olè ló jí nọ́ńbà káàdì wa. Bí kì í bá sì ṣe olè —

N kò ní parí gbólóhùn yẹn.

Mo bi Rúlà. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa òdòdó. Ara ògiri ni ó ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Ó tún ní òun ti yó. Mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí kò jẹun nílé, ẹnìkan ń bu oúnjẹ fún un níbì kan o!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. N kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Báǹkì. Akọ̀wé tó dá mi lóhùn ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo dúró títí ó fi tu ú dànù. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé: orúkọ tí ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà fi forúkọ sílẹ̀ ni Òdòdó Mẹ́ta. Orúkọ tó wà lára pátákó wọn ni Jẹun Kó O Yó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn onítáyà. "Kì í ṣe olè o, mà. Bàbá fúnra wọn ló ń fi káàdì sanwó. Àwa náà la ní kí wọ́n máa lò ó, torí ìbuwọ́lùwé wọn ò bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́."

Ìbuwọ́lùwé ta ni? Ti Rúlà?

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Mo lọ. Àga oníke, tábìlì láìsí aṣọ, rédíò tó ń pariwo. Rúlà kọ̀yìn sí ẹnu-ọ̀nà. Ọmọbìnrin agbáwo kan ti so aṣọ ìnuwọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì bu ìrẹsì fún un sínú abọ́ jíjìn. Ọwọ́ ọ̀tún Rúlà ń gbọ̀n. Kì í ṣe ti òtútù. Ṣíbí ń lu etí abọ́ kíkankíkan — ọwọ́ yẹn! Ọmọ náà rọra di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú títí ṣíbí fi dé ẹnu. Ìyókù dà sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé adìẹ lẹ tún ń fún lóúnjẹ ni?"

Rúlà rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn nínú ilé wa.

Ọmọ náà bi í bóyá kò sí ẹnì kankan nílé tó lè máa bá a di ọwọ́ náà mú.

"Ẹnìkan ń bẹ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n tíṣà ni."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

N kò wọlé. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Kì í ṣe obìnrin. Ìbá sàn kí ó jẹ́ obìnrin. Ìyẹn, mo mọ bí a ti ń bá a wí.

Nítorí náà, ìwọ Tíṣà yìí: ká aṣọ tábìlì funfun náà, má sì tẹ́ ẹ mọ́. Ra abọ́ jíjìn. Lọ́jọ́ Ajé, bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, má sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu níbẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o jókòó sí, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ọbẹ̀ bá dà, nù ún, kí o sì dákẹ́.