Ìdí Tí N Kò Fi Tíì Buwọ́ Lu Ìwé Nadine

Laurel Fork,
Kentucky.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹwàá, 2011.

Clovis, ọ̀rẹ́ mi àtàárọ̀,

Báwo ni ara? Orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé o ti ń rìn dé ìdí àwọn ajá rẹ? Ṣé ikọ́ ìyàwó rẹ ti lọ? Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èso ápù sísè tó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi tán. Ara èmi náà le, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì.

Mo gbọ́ pé inú ń bí ọ nítorí pé n kò buwọ́ lu ìwé Nadine ọmọ rẹ, kó lè gba àṣẹ láti máa gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé epo, ọkàn rẹ kò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu mi.

Ní Sátidé, ní kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni ní ìbọn, Nadine yìnbọn dáadáa. Nígbà tó tán, mo ní kó kó ọta inú ìbọn kúrò. Ó fa ilé ọta yọ, ó ní, "Ó ti ṣófo, Bàbá Alton." Mo fa irin orí ìbọn náà sẹ́yìn, ọta kan tó ti wọ ọ̀fun rẹ̀, tó ń dúró de yíyìn, sì fò jáde, ó yí lọ sábẹ́ àga. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe pé, "Bàbá, ẹyọ kan péré ni! Ẹ buwọ́ lù ú jàre, ebi ń pa wá!"

Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti buwọ́ lù ú. O mọ bí mo ṣe máa ń fọ́nnu pé ẹnikẹ́ni kì í fìdí rẹmi lọ́dọ̀ mi. Fíìmù díẹ̀, àwàdà púpọ̀, ìwé ti dé ọwọ́ oníkálukú.

Nígbà tí Nadine délé, ó pè mí lórí fóònù. "Purkey ọ̀mùtí gba ìwé lọ́dọ̀ yín, èmi wá ni mi ò yege?"

Mo ní, "Torí pé mo fún Purkey ni."

O rántí ọjọ́ Àjíǹde. Purkey fa ilé ọta yọ, ó gbà pé ìbọn ti ṣófo, ó ń nù ún nídìí tábìlì. Ọta kan fọ́ ọwọ́ òsì Idella ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tẹ dùùrù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìlú ní ọtí ni. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Clovis, Purkey kò mu ọtí lọ́jọ́ náà. Èmi ni n kò kọ́ ọ pé kó wo ọ̀fun ìbọn.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Idella lánàá. Ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo pa ẹ̀wà. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán, ó wá ní, "Alton, ẹ̀bẹ̀ ò lè tẹ dùùrù. Ẹni tó bá kàn ni kó o kọ́ dáadáa."

Wọ́n ní o fẹ́ mú Nadine lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fún èèyàn níwèé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó padà wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé tó ń bọ̀. Bínú sí mi títí dìgbà náà bó o bá fẹ́. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún Nadine pé òun ni ẹni tó kàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Alton Sizemore.