Ìbọn Bàbá Mi Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàágùn, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ilẹ̀ ìlú ńlá tí ẹ ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àlàáfíà la wà níbí, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, àti ọ̀rọ̀ ìbọn bàbá mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ará àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn ọlọ́pàá ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ìbọn gbé e wá sí àgọ́ wọn. Mo nu tèmi, mo fi epo pa á lára, mo gbé e lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá yí i síwá sẹ́yìn, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ dà. Mo ka nọ́ńbà fóònù rẹ fún un. Ó ní nọ́ńbà ìbọn lòun ń bi mí. Mo ní ta ni yóò máa pe ìbọn? Ó ní tí n kò bá rí ẹni tó lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn yóò gbà á, àwọn yóò sì yọ́ ọ dànù.

Ìwọ náà mọ ìbọn yìí, òun náà ni mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, pé bàbá mi fi ja ogun ńlá, ó fi lé odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọ odò.

Mo bá pe ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, ẹni tí o fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní kí n ya fọ́tò ìbọn ránṣẹ́. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí o rà fún mi, mo gbé ìbọn lé itan, ìyá rẹ ya wá ní fọ́tò. Ó ní ojú mi kọ́ lòun fẹ́ rí, abẹ́ ìbọn lòun fẹ́ wò. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà ní ìlú ńlá nìyẹn?

Ó fi sùúrù sọ fún mi pé kí n tú igi kúrò lára irin. Mo tú u, a bá adé kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà, a ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Adé! Mo ti ní kí ìyá rẹ máa pè mí ní kábíyèsí kí ọkùnrin náà tó ṣàlàyé pé àmì àwọn tó dán irin náà wò ni, kó má baà bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lójú. Ó ní bí adé náà ṣe rí lòun fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, pé nígbà tí wọ́n rọ ọ́, kì í ṣe dandan kí ìbọn ní nọ́ńbà. Mo fò sókè. Ó wá ní ṣùgbọ́n ogun tí mo ń wí ti parí tipẹ́ kí wọ́n tó rọ ìbọn yìí.

Mo rọra jókòó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní bàbá wa kò jagun rí, ewúrẹ́ ló fi gba ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́dẹ kan tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yìn ín, àgbá omi ló bà, ìyá wa sì bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ǹ bá fẹ́ ká bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọlọ́pàá fẹ́ gbọ́ bí ìbọn ṣe dé ọwọ́ wa. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó rò ó lójú gbogbo àgọ́, títí kan àwọn tí mo ti sọ ìtàn ogun fún. Ojú tì mí bí ẹni tí ṣòkòtò já mọ́ nídìí lọ́jà. Ọ̀gá gbọ́ tirẹ̀, ó gbọ́ ti ọkùnrin orí fóònù, wọ́n yọ irin kékeré tó ń mú un dún, wọ́n dá ìbọn padà fún mi. Mo ti gbé e kọ́ ògiri. Nígbà tí mo jókòó wò ó, ara tù mí: àgbá omi nìkan ló kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra aṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi, bóyá á panu mọ́. Má fi sí báǹkì o, lọ́jọ́sí, owó gbígbó ẹlòmíì ni wọ́n fún mi, èyí tí ìwọ fi síbẹ̀ kò gbó bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ yín, yóò ṣọ́ àbọ̀ yín, ẹ kò ní wá wa tì, àwa náà kò ní wá yín tì. Tí ẹ bá ń bọ̀, má tíì sọ ti ewúrẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ. Fi í sílẹ̀ fún mi. Òtítọ́ ni màá sọ fún wọn, ṣùgbọ́n mo lè fi ogun díẹ̀ sí i.

Èmi ni bàbá rẹ.